Àhámọ́ Àárín Ilẹ̀kùn Méjì

Sí ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, òṣìṣẹ́ báǹkì tí àga rẹ̀ ń yí bírí,

Èmi bàbá rẹ ni mò ń kọ lẹ́tà yìí, èmi ọ̀gá pátápátá fún gbogbo káfíńtà láti etí odò títí dé ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà parí sí, èmi tí pákó máa ń gbọ̀n tó bá rí mi lókèèrè, èmi tí mo kan ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́, tí adájọ́ fúnra rẹ̀ ń tẹrí ba kó tó wọlé, nítorí pé mo kàn án kúrú díẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́ lónìí o. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ ló máa ń bá mi kọ̀wé, nítorí pé èmi àti bíírò ò fi bẹ́ẹ̀ mọra, ṣùgbọ́n lónìí mo ní kó lọ jókòó, pé ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ yìí ju tọmọdé lọ. Tí o bá rí i pé ìkọ̀wé náà jọ tirẹ̀, ṣebí ọmọ mi ni, kò sì sí ohun tó burú bí ọwọ́ bàbá bá jọ ọwọ́ ọmọ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń jí ire? Ṣé ọ̀gá yín tó ń so táì mọ́ ọrùn nínú oòrùn ò tíì dákú? Kí Ọlọ́run fi òróró sí gbogbo híńjì ọ̀nà rẹ kó má máa dún. Níbi tí wọ́n bá ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíì, tìrẹ ni kí wọ́n gbàgbé láti tì. Kí ìṣó ayé má gún ọ lẹ́sẹ̀, kí pákó ayé má já lé ọ lórí. Àmín, àmín, ìyá rẹ náà ní àmín láti ibi tó wà.

Tí o bá ń bèèrè wa, a wà, ara wa le. Ìyá rẹ wà, ohùn rẹ̀ náà wà, kò lọ sílẹ̀ rárá. Òrùlé ń jò ní ọ̀gangan ibi tí mò ń sùn, ṣùgbọ́n mo ti gbé ibùsùn kúrò níbẹ̀, òrùlé ò sì tíì mọ ibi tí mo wà báyìí. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ra dígí tuntun, dígí náà tóbi débi pé bí oníbàárà kan bá jókòó, á dà bí ẹni pé méjì ni wọ́n, onígbàjámọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí ọjà rẹ̀ tà ní ìlọ́po méjì.

Fóònù tó o fi ránṣẹ́ ti dé, mo sì fẹ́ràn ìwà rẹ̀. Kì í gba ìgbàkugbà. Ó ní kí n fi àtàǹpàkò mi han òun kí òun tó ṣí. Mo fi hàn án, ó ní òun ò mọ̀ mí. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo tún fi hàn án, ó ní òun ò mọ̀ mí. Ìyá rẹ ní sáńpépà ti ha gbogbo ìlà ọwọ́ mi dànù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé àtàǹpàkò mi dán bí orí tábìlì. Inú mi ò bàjẹ́ o. Mo kí fóònù náà kú iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó lè wo ọ̀gá rẹ̀ lójú kó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ̀ṣọ́ gidi nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àtàǹpàkò àbúrò rẹ la wá fi ń ṣí i. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ pè ọ́, àtàǹpàkò ni mo kọ́kọ́ máa ń wá káàkiri inú ilé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí. Láti ọjọ́ tí mo ti wá ṣe onídùúró fún ọ níbi iṣẹ́ rẹ, mi ò tíì padà sípò. Ilẹ̀kùn yín yẹn, ọmọ mi! Mo ti kan ilẹ̀kùn kọjá iye tí ẹnu lè ròyìn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo wọnú rẹ̀, ti ẹ̀yìn pa dé, ti iwájú kọ̀ kò ṣí, mo wá dúró sáàárín bí oògùn inú ìgò. Ni obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti òkè àjà. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, irin wà lára yín, ẹ padà sẹ́yìn. Mo wòkè, mi ò rí i. Mo kí i, mo ní káfíńtà ni mí, ìṣó ló wà lápò mi, pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, ohùn kan náà, ẹ jọ̀wọ́ kan náà. Kò bínú. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ obìnrin yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi lẹ́ẹ̀mejì kó má fi èébú díẹ̀ kún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo rí ọ láti inú dígí níbi tó o jókòó sí, o fi bébà bo ojú. Mo mọ̀ pé ìdùnnú ni.

Ìwọ náà sì mọ̀ bó ṣe lọ nígbà tí mo wọlé tán, tí mo ti kó ìṣó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù onídùúró bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní iṣẹ́, ó wá bi mí bóyá mo ti wà ní àhámọ́ rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbórí sókè. Ó ní ìgbà wo. Mo ní láàárọ̀ yìí. Ó ní níbo. Mo ní lẹ́nu ọ̀nà yín. Ó ní kí ni wọ́n ní mo ṣe. Mo ní ìṣó ni, àwọn tó gùn díẹ̀. Ni ó bá gbé bíírò sílẹ̀, ó lọ pe ọ̀gá, ọ̀gá dé, ó rẹ́rìn-ín títí tí táì fi yí sẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ “rárá”. Mo ní mi ò ní purọ́ sínú ìwé ìjọba. Wọ́n ní kì í ṣe ti ìjọba. Mo ní ìwé ni ṣá. Níkẹyìn wọ́n kọ “rárá”, mo sì ní kí wọ́n kọ “àfi lẹ́nu ọ̀nà” tín-ín-tín sí abẹ́ rẹ̀, inú gbogbo wa sì dùn.

Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àhámọ́ lórí rédíò. Wọ́n á ní afurasí kan wà ní àhámọ́, wọ́n á ní wọ́n dá àwọn kan sílẹ̀ ní àhámọ́, èmi á sì máa fá pákó mi lọ. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní bó ṣe ń rí lára. Ìta ni mo máa ń dúró sí kan ilẹ̀kùn. Mi ò dúró sáàárín rí.

Bí mo ṣe délé, mi ò bọ́ bàtà kí n tó mú ìwọ̀n. Mo ní bí àwọn tó ní dígí bá lè ṣe é, èmi tí mo ní igi ńkọ́? Mo tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo fi bíríkì dí ojú rẹ̀ pa, mo wá kan ilẹ̀kùn náà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú kó máa wo ti ìta lójú. Àárín méjèèjì ò ju ibi tí ènìyàn lè dúró sí tí kò bá mí jù. Mo gbẹ́ idábùú igi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀kùn bá ṣe ń padé báyìí ni idábùú á já sínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀, gbàgà, kò ṣeé ṣí láti ìta, kò ṣeé ṣí láti àárín. Okùn ló ń gbé e sókè, okùn méjì, wọ́n gba òkè àjà bọ́ sí pálọ̀, níbi tí àpótí ìjókòó kékeré wà, tí àbúrò rẹ jókòó sí. Òun ni iná mànàmáná ilẹ̀kùn náà.

Òun náà tún ni obìnrin òkè àjà. O mọ̀ pé kò sí ohùn tí kò lè sín jẹ, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Olóhùn-méje. Mo sọ bí ti báǹkì ṣe ń sọ̀rọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, àwọn ènìyàn ń to ìlà síwájú ilé wa. Onígbàjámọ̀ ti fi sísọ́ọ̀sì sápò wá lọ́pọ̀ ìgbà, kó ṣáà lè gbọ́ kí wọ́n ní kó padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá ni, ọmọ mi. Mo máa ń jókòó sí òdìkejì títì, màá kàn máa wò ó.

Àléébù kékeré kan ló wà níbẹ̀, kékeré ni, ǹ bá má tilẹ̀ kọ ọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ilé nígbà gbogbo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa wọlé mọ́ láyé. Ẹni náà ò lè jẹ́ èmi, mo ní iṣẹ́. Kò lè jẹ́ ìyá rẹ, ó ní aṣọ àwọn èèyàn tó ń rán ní ìsọ̀. Ó wá ku ẹni tó kù. Ilé-ìwé ti wọlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba iwájú ilé kọjá, wọ́n ń pariwo Olóhùn-méje, òun náà sì ń dá wọn lóhùn láti orí àpótí, lónìí bí ewúrẹ́, lọ́la bí ọlọ́pàá. Ẹ má bínú, mo ní kí o má bínú. Lọ́jọ́ tí a lọ kí àbúrò ìyá rẹ tó bí ìbejì, gbogbo wa ló lọ, àfi iná mànàmáná.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni Tísà wá bẹ̀ wá wò, ìyẹn Tísà kíláàsì rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló gùn, ó sì ti kẹ̀kẹ́ náà wọ àárín ilẹ̀kùn. Obìnrin òkè àjà ní irin wà lára yín. Tísà ní òun mọ̀, kẹ̀kẹ́ ni. Obìnrin náà ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sẹ́yìn. Tísà ní òun ò padà síbì kankan, pé ohùn yẹn jọ ti ọmọ tí òun ń wá. Ó wá dúró sáàárín níbẹ̀, táyà kẹ̀kẹ́ kàn án láyà, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ láti inú igi. Ó ní ẹ wò ó, wọ́n ti fi òun sí àhámọ́. Inú mi dùn. Mo ní o ṣeun, Tísà, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wúlò sí gẹ́lẹ́ lo lò ó.

Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tísà ní àhámọ́ ni kí wọ́n há ènìyàn mọ́ ibì kan láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbèkùn yàtọ̀, ti ìgbèkùn ni kí wọ́n kó o kúrò nílé rẹ lọ sí ilẹ̀ ẹni tó ṣẹ́gun rẹ, ẹ̀wọ̀n sì yàtọ̀, adájọ́ ló ni tirẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó jókòó tì wá ní pálọ̀ ní òun mọ àhámọ́ ju ìyẹn lọ. Ó ní bí òun bá ti fá ìdajì orí ọkùnrin, ọkùnrin yẹn ti di ti òun, ilẹ̀kùn ìsọ̀ òun wà ní ṣíṣí gbayawu, kò lè jáde, ibo ló máa gbé ìdajì tó kù gbà? Ìyá rẹ ní ẹni tó gbé ìkòkò kaná náà wà ní àhámọ́, torí kò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Mo bi wọ́n pé níbo ni ilẹ̀kùn wà nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ. Mo ní kí àhámọ́ tó jẹ́ àhámọ́, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà, ohun tó ń ṣí i sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá wà lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ, ìyẹn kì í ṣe àhámọ́, ilé rẹ lo jókòó sí.

Tísà ti táyà kúrò láyà láàárín níbẹ̀. Ó wá ní ẹni tó mú okùn dání yẹn ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Tísà, okùn méjèèjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ọ̀gá wọ́dà, ta ló rí ọ̀gá wọ́dà tó wà ní àhámọ́ rí? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ náà rẹ́rìn-ín, ohùn obìnrin òkè àjà ló fi rín in. Kí Tísà tó lọ, ó ní kíláàsì ìdánwò àṣejáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹni tí kò bá jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún kan. Mo bi í pé ta ni yóò wá máa ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mo ti wá rò ó dáadáa, èmi bàbá rẹ. Oorun ò kùn mí láti ìgbà náà. Mo ti wá rí i pé ó yẹ kí àbúrò rẹ padà sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ náà gbọ́n. Ó gbọ́n púpọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti sọ fún ọ rí bó ṣe gbọ́n tó. Ó tún rẹwà, ó sì níwà, àwọn tó ní òun ló so agogo mọ́ ológbò onígbàjámọ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa. Nítorí náà, mo fẹ́ kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ láti ra sípíríǹgì tó lágbára, kí ilẹ̀kùn lè máa ṣí ara rẹ̀, kí o sì fi ti bàtà kún un, bàtà ilé-ìwé, aláwọ̀ dúdú, tí kò fún ọmọ ìka ẹsẹ̀. Òun kọ́ ló ní kí n kọ ọ́.

Kí ọ̀nà tó o bá dé máa là fún ọ. Àwọn tí ẹ bá jọ wà nínú ilé, kí wọ́n máa jẹ́ ẹni tó máa ń rántí ṣílẹ̀kùn fún ọ. Èmi ni bàbá rẹ tòótọ́, ọ̀gá gbogbo káfíńtà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, èmi ni.

Èmi Olóhùn-méje ni mo kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí Tísà ti lọ, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ ilé-ìwé kankan, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀kùn wọn ni. Ibi tí wọ́n wà báyìí ni mo fẹ́ sọ fún yín, àmọ́ ẹ má kígbe. Wọ́n wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wọn kì í dúró sáàárín. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á súfèé, màá fa okùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gba inú rẹ̀ kọjá bí ọba. Lónìí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ wọn, wọ́n súfèé, mo fa ẹyọ kan. Wọ́n wọlé, ti ìta pa dé, gbàgà. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, irin wà lára yín. Mo wá mú bíírò, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ohun tí mo rò ni pé wọ́n á pariwo, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, màá wá ní kí wọ́n búra pé mo máa lọ ní ọjọ́ Ajé, kí n tó ṣí i.

Wọn ò pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ni wọ́n ń yin ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń bú wọn sínú lẹ́tà ni mò ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ti èyí, tí wọ́n ń ti ìyẹn, tí wọ́n ń ní ó mú un, ó mú un dáadáa, Olóhùn-méje, ṣé idábùú mì níbẹ̀ yẹn? Mo ní kò mì, bàbá. Wọ́n ní áà. Kò sì mì lóòótọ́. Iṣẹ́ yẹn dára, ẹni tó bá ní kò dára ń ṣe ìlara ni.

Ìgbà tí mò ń kọ̀wé nípa bàtà ni wọ́n ṣíwọ́ títi ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí láti inú igi, ohùn wọn lọ sílẹ̀, wọ́n ní bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, tí ẹnì kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́. Mo ní mo máa ń dúró. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ jáde síta ńkọ́. Mo ní mi ò kì í jáde. Wọ́n ní ṣebí ọwọ́ mi ni okùn wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, òun ló dì mí mú. Kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni ni mo fi sọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ó dún létí èmi náà bí ti àlejò.

Wọ́n wá ní àhámọ́ lèyí. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe àwọn fúnra wọn.

Mo dìde láti fa okùn. Wọ́n ní kí n má fà á. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n máa kọ ohun tí mò ń kọ lọ, pé àwọn ti ń gbọ́ ìró bíírò náà láti ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n wá mú èèlò jáde, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu irin ìgbẹ́gi, igi ń ta sílẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ pálọ̀. Ihò ni wọ́n ń lu, sókè ibi tí idábùú jókòó sí, kí ẹni tó bá wà láàárín lè na ọwọ́ gbà á kọjá. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń yìn láti ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń lu lójú yẹn. Wọ́n ní ti ìta ló kàn.

Owó sípíríǹgì, ẹ fi sílẹ̀, a ò nílò rẹ̀ mọ́. Ti bàtà, òótọ́ ni. Bàbá ní kí n kí yín, kí n ní Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú yín níbẹ̀. Èyí, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́.

Ọwọ́ wọn ti yọ níbi ihò. Ó ń táràrà wá idábùú bí ẹni tó ń wá fìtílà. Ó ti rí i.

Ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ̀gbọ́n mi. Bíírò ló wà lọ́wọ́ mi.